Òfin Imú àti Òdòdó Alága

Ní ayé ìjọba ológun, nígbà tí wọ́n ń fi kòbókò kọ́ àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń tò sórí ìlà, ọkùnrin kan wà ní Àpápá tí orúkọ rẹ̀ gùn ju ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá pè é ní Bámgbópàá lásán, kò ní dáhùn. Bí ẹ bá pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Bámgbópàá, á bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni ẹ ń bá wí. Àfi kí ẹ mí kanlẹ̀ ná, kí ẹ tó wá sọ pé: "Alága Àgbà, Olùdarí Ìgbìmọ̀ Ìmọ́tótó àti Ẹwà Etí Omi, Baba Afínjú, Ọ̀tá Ìdọ̀tí, Bámgbópàá Kìíní." Kò tíì sí Bámgbópàá Kejì o. Ó ní kí wọ́n ṣáà máa kà á bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kó má baà dìjà lọ́jọ́ iwájú.

Iṣẹ́ tí ìjọba gbé fún ìgbìmọ̀ náà kò le. Kí wọ́n kó ìdọ̀tí, kí wọ́n la gọ́tà láti Àpápá wọ Ajégúnlẹ̀ títí dé Amúkòkò, kí òjò tó dé. Ìjọba fún wọn ní tipa kan, ṣọ́bìrì rẹpẹtẹ, àti àwọn géńdé tí yóò máa gbẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Alága ro ọ̀rọ̀ náà títí, ó rí i pé gọ́tà kì í pàtẹ́wọ́ fún èèyàn. Ta ló tíì la gọ́tà rí tí wọ́n tìtorí ẹ̀ fọn fèrè fún? Ló bá kúkú ṣòfin. Òfin rọrùn ju gọ́tà lọ, kò sí ẹrẹ̀ nínú rẹ̀.

Orúkọ òfin náà ni Òfin Imú. Ilé yòówù tí òórùn burúkú bá ti ń jáde, kí àwọn wolé-wolé kan pákó mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ títí òórùn náà yóò fi lọ. Ẹni tó bá sì fọwọ́ kan pákó, àtìmọ́lé. Báwo ni ilé tí wọ́n ti kàn pa ṣe máa fọ ara rẹ̀ mọ́? Òfin kò dé ibẹ̀ yẹn.

Lucky ni olórí wolé-wolé. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni, ó ga, ó síngbọnlẹ̀, ó sì gbọ́ràn ju ohun tó dára fún èèyàn lọ. Kì í ronú, nítorí ó gbà pé ríronú, iṣẹ́ ọ̀gá ni. Bó bá ti mú òòlù dání báyìí, á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, á ti imú bọ ojú fèrèsé, á fà á símú fíìn. Ó kan pákó mọ́ ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja gbígbẹ. Ó kàn án mọ́ ti oníirú. Ó kàn án mọ́ ilé ọkùnrin kan nítorí ìbọ̀sẹ̀. Ó fẹ́ kàn án mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan tí ìyàwó pásítọ̀ ti ń se ògìrì lẹ́yìnkùlé, àmọ́ àwọn ìyá ìjọ dìde, wọ́n fi orin lé e dé títì. Ẹ wo agbára ìyìn!

Ìgbà tí òdòdó wá bọ́ sí ọ̀rọ̀ ayé Alága, ó ti ń wá ohun tí yóò fi yàtọ̀ sí àwọn ọ̀gá yòókù. Wọ́n pè é sílé òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ó sì bá àwọn ìkòkò kéékèèké lórí fàrándà. Ewéko inú wọn kò jọ ewéko. Ewé wọn ki pọ́pọ́ bí ẹran, àwọn kan lẹ́gùn-ún, àwọn kan rí bíi bọ́ọ̀lù, síbẹ̀ wọ́n yọ òdòdó pupa, wọ́n yọ olómi ọsàn, bí ẹni wọ aṣọ ọdún.

"Inú ewé wọn ni wọ́n ń tọ́jú omi sí," ni òyìnbó wí. "Oòrùn kì í pa wọ́n. Èèyàn kì í bomi rin wọ́n jù. Kódà, bí ẹ bá gbàgbé wọn díẹ̀ ni wọ́n máa ń yọ òdòdó dáadáa."

Alága dìde lórí àga. "Oòrùn kì í pa á. Kì í tọrọ omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹ̀gún fún ọ̀tá, ó sì dé fìlà òdòdó! Ẹ̀dá mi rèé. Èmi gan-an ni wọ́n gbìn sínú ìkòkò yìí!"

Òyìnbó gé díẹ̀ fún un nínú èyí tó pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ ibi tí wọ́n gé gbẹ ná kó tó fi kan ilẹ̀, kó lo iyanrìn dípò ẹrẹ̀, kí ìkòkò sì ní ihò nídìí, torí bí omi bá dúró sí ìdí rẹ̀, á rà dànù.

N kò ní parọ́ mọ́ ọn, ó tọ́jú wọn. Láàárọ̀, kó tó wọ agbádá orúkọ rẹ̀, á jáde sí fàrándà pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, á máa fi ìgbálẹ̀ kan gbọn eruku lára ewé. Ó tẹ́ ewé àbámọdá kan sórí iyanrìn, àwọn ọmọ kéékèèké sì hù yí etí rẹ̀ ká, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ní ọ̀dúndún, ó ní etí-erin tí ọ̀pá òdòdó rẹ̀ gùn bíi tọ́ọ̀ṣì, ó ní adé-ẹ̀gún tí kì í sinmi òdòdó láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Bí ìjọba bá ti fi í sílẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì yẹn, ì bá ti jẹ́ èèyàn.

Ṣùgbọ́n ẹni ńlá kì í ṣe nǹkan kékeré ní kékeré. Ó kéde pé ẹni tó bá ń wá ìwé àṣẹ àtiṣí ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ mú ewéko ẹlẹ́ran kan tí Alága kò tíì ní wá. Ha, ará Ajégúnlẹ̀! Wọ́n gbé igi orò ẹlẹ́gùn-ún wá, wọ́n hú pápásan lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n gé orí ọ̀pẹ òyìnbó. Télọ̀ kan gbé iṣu tó ti hù wá nínú agolo, ó ní ti ilẹ̀ Bùràsíìlì ni, òdòdó rẹ̀ ń bọ̀. Alága gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pọ̀ tán, ó fi wọ́n joyè. Ọ̀dúndún di Ọ̀tún. Adé-ẹ̀gún di Ìyálóde. Iṣu di Baṣọ̀run. Gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà kí wọn kí wọ́n tó lọ sẹ́nu iṣẹ́, ní ipò-ipò. Akọ̀wé kékeré kan kí Ìyálóde ṣáájú Ọ̀tún, wọ́n gba ìsinmi ọdún rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí òjò bá ṣú, àwọn òṣìṣẹ́ á sáré jáde láti di agboòrùn mú lé àwọn ìjòyè lórí, kí omi má baà pọ̀ jù fún wọn. Òjò á sì máa pa òṣìṣẹ́.

Sylvanus, akọ̀wé àgbà, ló mọ ọ̀rọ̀ àpọ́nlé sọ jù. Á dúró láàárín ìkòkò, á tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.

"Alága, àfi bíi pé inú irúgbìn ni àwọn ewéko yìí ti mọ̀ yín. Bí wọ́n bá ti gbúròó bàtà yín, wọn a nà ró! Èmi náà, sà, bí mo bá gbúròó bàtà yín, mo máa ń nà ró. Òdòdó ló kù tí n kò lè yọ."

"Máa gbìyànjú," ni Alága á wí. "Díẹ̀díẹ̀ ni."

Tipa ìjọba wá di tipa òdòdó. Iyanrìn olókùúta wẹ́wẹ́ ló ń rù láti etí omi wá sílé Alága. Àwọn géńdé tó yẹ kí wọ́n la gọ́tà, ìdí ìkòkò ni wọ́n ń lu sí ihò. Ẹ dákun, ẹ bá mi wò ó o. Ìkòkò kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà tí omi ń gbà jáde nídìí. Ajégúnlẹ̀ lódindi kò ní ẹyọ kan.

Ní Amúkòkò, gọ́tà tó wà lójúde ilé ìgbẹ̀bí Ebiere ti di pọ́pọ́, ó dúdú bí ọ̀dà, kò lọ, kò bọ̀. Ebiere yìí, ọmọ Ìjọ́ ni, agbẹ̀bí tó gba ìwé ẹ̀rí, kò sí òpópó ládùúgbò náà tí kò gbé ọmọ kan jáde níbẹ̀. Lucky dé, ó ti imú bọ fèrèsé, ó fà á fíìn, ó ní, "Ìyá Agbẹ̀bí, ẹ má bínú. Ó ń rùn."

"Gọ́tà ló ń rùn, Lucky! Gọ́tà ìjọba! Ìwọ náà, inú ilé yìí ni mo ti gbé ọ jáde, àbí o ti gbàgbé?"

"N kò gbàgbé, mà. Ẹ ṣeun, mà." Ó sì kan pákó mẹ́ta mọ́ ilẹ̀kùn, ó ń dúpẹ́ bó ṣe ń kàn án.

Bẹ́ẹ̀, gbogbo irinṣẹ́ Ebiere wà nínú ilé. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà sì ká lára jù ni Ràdíátù, aránṣọ kan tí ilé rẹ̀ dojú kọ ibẹ̀. Oyún Àdùfẹ́, ọmọ rẹ̀, ti wọ oṣù rẹ̀. Nígbà tí Àdùfẹ́ bí àkọ́bí, ẹ̀jẹ̀ dà títí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Abẹ́rẹ́ Ebiere ni Ọlọ́run lò. Báyìí, abẹ́rẹ́ náà ti wà lẹ́yìn pákó.

Ni àwọn obìnrin méjèèjì bá gbọ̀nà Àpápá. Wọ́n yọ́ láàárín àwọn tírélà títì Liverpool títí wọ́n fi dé ilé Alága. Sylvanus pàdé wọn lẹ́nu géètì.

"Ẹ kọ́kọ́ kí àwọn ìjòyè."

Ràdíátù wò yí ká. "Àwọn ìjòyè wo?"

"Ọ̀tún nìyẹn. Ìyálóde nìyẹn. Baṣọ̀run nìyí."

Ebiere bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú agolo dáadáa. "Oga, this one na yam o!"

"Baṣọ̀run ni."

"Iṣu tí mo bá kí, mo máa ń jẹ ẹ́ ni. Ẹ jẹ́ ká wọlé, àbẹ́gì."

Alága gbà wọ́n lálejò lórí àga tí wọ́n gbé sáàárín òdòdó. Ó gbọ́ ẹjọ́ wọn dé ìlàjì, ó gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ̀yin ìyá! Ẹ̀yin orísun ìlú! Mo gbọ́ igbe yín, igbe náà sì wọ̀ mí lára dé ibi tí ó yẹ kó dé. Ṣùgbọ́n òfin dà bí etí-erin: bí ẹ bá gé e, á ṣomi. Ṣé kí n wá máa gé òfin nítorí ọmọ kan tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀?"

"Ẹ má gé nǹkan kan, sà," ni Ràdíátù wí. Ó ti kúnlẹ̀. "Ẹ ṣáà jẹ́ kí tipa wá kó ẹrẹ̀ gọ́tà yẹn. Òórùn á lọ, Lucky á yọ pákó. Òfin yín ò ní fara gbọgbẹ́."

"Tipa wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba."

Àwọn obìnrin náà yíjú. Tipa náà nìyẹn, ó ń da iyanrìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọ̀pẹ òyìnbó.

"Nígbà wo ló máa ṣetán, sà?"

"Ó di ìgbà tí òdòdó ńlá mi bá là. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó fara balẹ̀. Kó kọ̀wé sí ọ́fíìsì."

"Alága," ni Ràdíátù wí jẹ́jẹ́, "oyún kì í gba ìwé."

Òdòdó ńlá wo ló ń wí? Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ìyẹn, Okechukwu, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá èèyàn yọ ẹrù ní èbúté, gbé ewéko kan wá fi wá ojú rere. Inú ọkọ̀ tó ti ìsàlẹ̀ Áfíríkà wá ni atukọ̀ kan ti fún un. Okechukwu fúnra rẹ̀ kò mọ orúkọ rẹ̀. Ohun tó ṣáà yà á lẹ́nu ni pé gbogbo inú ọkọ̀ ló ń bá a yọ̀ bó ṣe ń gbé e sọ̀kalẹ̀. Ewéko náà kò lẹ́gùn-ún, kò léwé. Ó kàn na ọ̀pá tútù gbọọrọ bí ìka ọwọ́ ẹni tó ń tọrọ. Ṣùgbọ́n ó yọ èèhù òdòdó kan tó wú, tó ń wú sí i lójoojúmọ́ bí bàlúù ọmọdé.

Sylvanus wò ó, ẹ̀mí àsọtẹ́lẹ̀ bà lé e. "Alága, ọjọ́ tí èyí bá là, ọjọ́ náà ni ẹ máa di Kọmíṣánnà! Mo rí i. Mo rí fìlà yín lórí àga Kọmíṣánnà."

"Fìlà mi nìkan?"

"Ẹ wà lábẹ́ ẹ̀, sà."

Láti ìgbà náà, Alága kò sùn mọ́. Ó sọ ewéko náà ní Ìràwọ̀ Bámgbópàá. Ó ránṣẹ́ pe Kọmíṣánnà pàápàá pé kó wá wò ó, torí ó gbà pé ó dáa kí èèyàn rí ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀. Ó wá gbé ọkọ̀ tó ní gbohùngbohùn jáde, ó fi kéde láti èbúté dé Amúkòkò pé òdòdó kan ń bọ̀ tí òórùn dídùn rẹ̀ yóò lé gbogbo òórùn burúkú kúrò ní etí omi. Ẹ kíyè sí i: kò tíì gbọ́ òórùn rẹ̀ rí.

Ìràwọ̀ Bámgbópàá là ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ àlejò. Ó tóbi bí abọ́ ìjẹun, ó tẹ́ apá márùn-ún sílẹ̀ bí ìràwọ̀ ní tòótọ́, àwọ̀ rẹ̀ bíi ti epo tó dì, ìlà pupa wẹ́wẹ́ sì fà yí i ká. Ó rẹwà, mo jẹ́rìí. Alága dì í mú, ó bẹ̀rẹ̀, ó ki imú bọ̀ ọ́, ó fà á símú kanlẹ̀.

Ó nà ró. Ojú rẹ̀ kún fún omi.

"Omijé ayọ̀," ni Sylvanus wí. Ó súnmọ́ ọn. Ó dúró. Ojú tirẹ̀ náà kún.

Ẹ ti gbọ́ òórùn òbúkọ tó kú sínú táǹkì rí, tí wọn kò rí i títí oòrùn fi ràn lé e? Ohun tí òdòdó náà ń mí jáde nìyẹn. Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀, eṣinṣin ló fẹ́ fi pè, iṣẹ́ ọwọ́ Rẹ̀ kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ pé kó lọ fi gbohùngbohùn kéde rẹ̀.

Alága wo ojú àwọn òṣìṣẹ́. Ó rántí gbohùngbohùn. Ó ní, "Kí ni ẹ gbọ́?"

"Òórùn tó jinlẹ̀ ni, sà," ni ẹnìkan wí.

"Òórùn àgbà," ni ìkejì wí, ó ń fi ẹnu mí.

"Imú tèmi kò kàwé tó o, sà," ni ìkẹta wí, "mo máa padà wá gbọ́ ọ tó bá yá," ó sì sáré jáde. Akọ̀wé kan ṣubú lulẹ̀. Sylvanus ní ìdọ̀bálẹ̀ ló ń ṣe.

Kí oòrùn tó ga, eṣinṣin ti dé bí ìjọ ọjọ́ àìkú, wọ́n jókòó ní ipò-ipò, wọn kò yọ Ìyálóde sílẹ̀. Àwọn ajá Àpápá wá tò síwájú géètì, wọ́n ń fi ìrẹ̀lẹ̀ gbọn ìrù. Ìyàwó Alága di ẹrù lọ sílé àbúrò rẹ̀, ó ní bí òórùn olówó bá ṣe ń rí rèé, kí wọ́n jẹ́ kí òun di tálákà.

Alága pe Lucky àti àwọn wolé-wolé. Ó tò wọ́n yí òdòdó náà ká.

"Ẹ fà á símú! Láti òní lọ, èyí ni òórùn dídùn. Ẹ fi kọ́ imú yín. Ẹni tí wọ́n bá bi, kí ni yóò sọ?"

Lucky fà á símú. Ó yà á lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n ríronú kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. "Ó dùn, sà."

"Ṣé ó yé ọ dáadáa?"

"Ó yé mi, sà. Irú òórùn báyìí, ó dùn."

Lọ́jọ́ kejì, Kọmíṣánnà dé pẹ̀lú fèrè ọkọ̀ àti sójà méjì. Ó sọ̀kalẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan, kò gbé ìkejì.

"Kí ló kú síbí?"

"Kò sí ohun tó kú, Ọlọ́lá jùlọ!" ni Alága pariwo. "Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yè ni! Ẹ wá wo Ìràwọ̀! Ẹ wá gbọ́ òórùn tó..."

"Mo ń gbọ́ ọ." Kọmíṣánnà ti fa hanakíṣíìfù yọ. "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ̀wé sí mi nípa Òfin Imú?"

"Èmi ni, sà! Òfin tí kò mọ ojú! Ó lè jẹ́ ilé mi ni o, bó bá rùn, àwọn wolé-wolé mi á kàn án pa!"

Kò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ti sọ gbólóhùn yẹn níbi ayẹyẹ púpọ̀ débi pé ó ti ń sọ ara rẹ̀.

Ní àkókò náà gan-an ni ariwo sọ lẹ́nu géètì. Ràdíátù àti Ebiere ni, wọ́n sáré wá, wọ́n ń mí helehele, aṣọ orí Ràdíátù ti bọ́ sí ọrùn.

"Ẹ gbà mí o!" ni Ràdíátù ké. "Àdùfẹ́ ti ń rọbí láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ó ti fẹ̀yìn ti pákó, kò lè rìn mọ́. Alága, ẹ fi orúkọ Ọlọ́run yọ pákó!"

"Ẹ̀jẹ̀ ló fẹ́ pa á níjọ́sí," ni Ebiere wí fún Kọmíṣánnà. "Abẹ́rẹ́ mi wà nínú ilé, sà. Wọ́n kàn mí pa torí gọ́tà ń rùn." Ó wá gbọ́ òórùn ibẹ̀, ó bo imú. "Ah-ah! Kí lèyí? Gọ́tà mi ò tiẹ̀ rùn tó báyìí!"

Kọmíṣánnà yíjú sí Alága pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó dà bí ẹni pé ó ń gbádùn ara rẹ̀ lábẹ́ hanakíṣíìfù. "Ta ni olórí àwọn wolé-wolé?"

Lucky jáde, ó kan sálúùtù, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Òórùn ibí yìí, báwo ló ṣe rí?"

"Ó dùn, sà. Alága ló kọ́ wa."

"Ti ojúde ilé agbẹ̀bí yìí ńkọ́?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, wọ́n fipá mú Lucky ronú. Iwájú orí rẹ̀ kákò. Ó wo òdòdó, ó wo Ebiere, ó wo òòlù. "Òórùn kan náà ni, sà. Ti ibí le jù ú lọ. Bí... bí tibí bá wá dùn, sà, tibẹ̀ náà dùn nìyẹn. Àbí?"

"Alága, ẹ̀yin lẹ máa dá ẹjọ́ yìí," ni Kọmíṣánnà wí. "Bí òórùn yìí bá burú, kí wọ́n kan pákó mọ́ ilé yín nísinsìnyí. Ẹnu yín lẹ fi sọ ọ́. Bó bá dùn, kí ọmọkùnrin yìí lọ ṣí ilé agbẹ̀bí, àti gbogbo ilé tí kò rùn tó èyí. Èwo ni?"

Alága lanu. Ó wo ilé rẹ̀ alágbàlá. Ó wo Sylvanus. Sylvanus ń wo iṣu. Bó bá sọ pé ó burú, kò nílé, òdòdó rẹ̀ dòdòdó ìtìjú. Bó bá sọ pé ó dùn, Òfin Imú kú. Eṣinṣin kan bà lé e létè.

"Kí ló ń rò?" ni Ràdíátù kígbe. "Ọmọ mi ń kú lọ! Bàbá, ó dùn! Ẹ sọ pé ó dùn!"

"Ó... ó dùn, sà," ni Alága wí, pẹ̀lú ohùn kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ohùn èèyàn lásán.

Lucky kò dúró kí ó gbọ́ èyí tó kù. Ó ti sá jáde, òòlù lókè, Ebiere ń lé e, Ràdíátù tẹ̀lé wọn, wọ́n gba àárín tírélà kọjá bí ẹni pé wọn kò sí níbẹ̀. Ní Amúkòkò, ó fi ìdí òòlù já pákó kìíní, ó já ìkejì, ó fi èjìká ti ìkẹta wọlé. Kò pẹ́ tí wọ́n gbé Àdùfẹ́ dé orí bẹ́ẹ̀dì tí ọmọ fi bọ́. Ẹ̀jẹ̀ dà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe bẹ̀rù. Ebiere na ọwọ́ sí ibi tí abẹ́rẹ́ máa ń wà, abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dá. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tí kì í kan ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn. Lucky jókòó síta lórí pákó, ó ń sunkún, ó ní òun kò mọ ìdí rẹ̀, wọ́n sì ní kó má ronú mọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó ti tó.

Àpápá ńkọ́? Inú Alága ti ń padà sípò. Ó ti rò pé òun bọ́, torí ilé òun wà ní ṣíṣí. Ó ti ń na ọwọ́ sí Ìràwọ̀ láti ṣàlàyé rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́," ni Kọmíṣánnà wí fún un. "Ṣùgbọ́n bí èyí bá dùn nímú yín lóòótọ́, imú yín ti kú. A kò sì lè fi ẹni tí imú rẹ̀ ti kú ṣe alága ìmọ́tótó. Ìjọba á gba ilé tó fún yín gbé padà lópin ọ̀sẹ̀." Ó wọ ọkọ̀, ó yí gíláàsì sókè kíákíá.

Sylvanus ló kọ́kọ́ pe Bámgbópàá ní Bámgbópàá, lọ́jọ́ náà gan-an, kò tiẹ̀ fi Ọ̀gbẹ́ni sí i. Ó ní ó pẹ́ tí òórùn náà ti ń yọ òun lẹ́nu.

Kò sí tipa tí yóò kó ẹrù rẹ̀, torí alága tuntun ti rán tipa lọ sí Ajégúnlẹ̀. Ọmọlanke ni Bámgbópàá fi kó àwọn ìjòyè rẹ̀ lọ sí yàrá kan tó háyà ní Amúkòkò. Nítorí náà ni ó fi wà níbẹ̀ ní Sátidé ìmọ́tótó tó tẹ̀lé e, nígbà tí gbogbo ojúlé tú jáde láti parí gọ́tà ojúde ilé ìgbẹ̀bí. Ó jáde pẹ̀lú agbádá. Ó gun orí òkìtì ẹrẹ̀ kan.

"Ẹ̀yin ará ìlú! Ẹ̀yin ọmọ etí omi! Ní irú ọjọ́ ìtàn báyìí..."

"Bàbá, ẹ gba ṣọ́bìrì," ni Ràdíátù wí, ó tì í sí i lọ́wọ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sùn.

Ó wọ inú gọ́tà, ẹrẹ̀ bò ó dé orúnkún. Ó gbẹ́, ó sinmi, ó tún gbẹ́. Lójijì nǹkan já nísàlẹ̀, omi dúdú náà mì, ó gbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Àwọn obìnrin hó yè. Bámgbópàá gbé ṣọ́bìrì sókè bí ọ̀pá àṣẹ.

"Èmi ni mo là á!" ni ó kígbe. "Èmi, Bámgbópàá Kìíní, lọ́jọ́ òní, níwájú ẹ̀yin gbogbo, mo sọ ọ́ di mímọ̀..."

Omi gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Kò dúró gbọ́ ìyókù.